A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn: Ta Ló Gba Ìwé Ẹ̀rí Pàjáwìrì Fún Creek Road?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti ń fi iná sórí òrùlé sùn, tí ilẹ̀ ń mọ́ bá wọn, tí wọ́n sì ń dúpẹ́. Ẹni tó bá rin Creek Road láàárọ̀ kùtùkùtù yóò rí ohun tí òwe náà ń sọ. Tírélà tó gbé kọ̀ǹténà ń tẹ̀lé ọkọ̀ agbépo, ọkọ̀ agbépo ń tẹ̀lé dánfó, àwọn ọmọ iléèwé ń fẹsẹ̀ gba àárín wọn kọjá, obìnrin tó ń din àkàrà sì ti dáná sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Olúkúlùkù wọn ló ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kò sí èyí tó jáde láti ṣe ibi nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọdún 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá sí Nàìjíríà dí ojú omi Èkó pa ní 1975, ìjọba ológun kọ́ èbúté Tin Can Island, wọ́n sì ṣí i ní 1977. Epo tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá kò lè dúró sójú omi, ìdí nìyẹn tí àwọn ibùdó ìpamọ́ epo fi pọ̀ káàkiri Àpápá, Ìjọ́ra, Kirikírì àti Ibafon. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ sì nílò ibi tí wọn yóò máa sùn. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo àti Hausa kún Ajégúnlẹ̀ bámúbámú. Orúkọ àdúgbò náà sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni ajé àti ewu jọ wọ̀ wá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni gbogbo ènìyàn kà sí ìyà àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ọ̀gá ìjọba pàṣẹ títí, tírélà kò kúrò lójú títì. Ní oṣù Kejì, ọdún 2021, wọ́n wá gbé ìlànà ìpe ọkọ̀ wọ èbúté kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ètò. Orúkọ gidi ni, nítorí ètò ni ohun tó sọnù ní ojú ọ̀nà yẹn. Ìbéèrè tó kù ni èyí: lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ọwọ́ ta ni ètò wà?

Bí ọkọ̀ agbépo kan tó gbé 33,000 lítà epo bẹntiróòlù bá ṣubú sí Creek Road, àwọn wo ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀? Panápaná kọ́, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ni. Ilé iṣẹ́ LASEMA tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó kọ́, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe 112 tàbí 767 kí wọ́n tó gbéra. Awakọ̀ náà àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti obìnrin aláàkàrà yẹn ni yóò wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ohun tí wọ́n bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni yóò sọ bóyá ìròyìn ọjọ́ kejì yóò jẹ́ ti epo tó ṣòfò tàbí ti òkú tí wọ́n ń kà.

Ìmọ̀ tí wọ́n nílò nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kì í ṣe awo. Oru tó ń jáde lára epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́, inú gọ́tà ló sì máa ń gbà lọ. Iná aláàkàrà tó wà lọ́nà jíjìn lè pè é padà wá. Omi kì í pa iná epo, nítorí epo máa ń léfòó sórí omi ni, omi náà yóò sì gbé iná dé ibi tí iná kò tíì dé. Ìfófòó tí àwọn panápaná máa ń fún ló ń bo irú iná bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò jọ ń lò sọ pé bí epo bẹntiróòlù bá dà sílẹ̀, kí wọ́n lé ènìyàn sẹ́yìn tó mítà 50, ó kéré tán, ní gbogbo ìhà. Bí iná bá sì ti mú táńkà náà, ó ní kí ó tó mítà 800. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra tó ní àgbègbè yẹn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè iye ìdílé tó wà nínú mítà 800.

Ìtàn ilẹ̀ yìí kún fún àwọn tó kú nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002, tí àwọn bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa wọ́n. Wọ́n sá lọ sí Òkè-Àfá nínú òkùnkùn, wọ́n sì rì sínú ipa omi tó wà níbẹ̀. Kò sí ohùn kan tó sọ fún wọn pé ọ̀nà ibí ni kí ẹ gbà. Ní Jesse, ìpínlẹ̀ Delta, ní 1998, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí iná páìpù epo pa. Ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006. Ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo dojú dé, àwọn ènìyàn sáré lọ bu epo, iná sì pa èyí tó lé ní 150 nínú wọn. Láàárín 1998 sí 2024, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá, àṣìṣe kan náà sì ń pa ènìyàn. Òṣì lówọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣì nìkan kọ́. Àìmọ̀ náà ń jẹ lára.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ìṣàkóso pàjáwìrì kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá iṣẹ́ nìkan. Iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe káàkiri ayé, bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti ẹnjiníà. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí àwọn alákòóso pàjáwìrì dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IAEM, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí CEM. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 100 nínú ìṣàkóso pàjáwìrì, àti wákàtí 100 mìíràn nínú ìṣàkóso gbogbogbòò. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti sin iṣẹ́ náà ní ọ̀nà mẹ́fà, kí ó kọ àròkọ, kí ó sì jókòó ṣe ìdánwò. Fún ẹni tí kò tíì ní ìrírí tó bẹ́ẹ̀, AEM wà. Ilé iṣẹ́ FEMA ti ìjọba Amẹ́ríkà náà ní àwọn ẹ̀kọ́ kéékèèké lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ lójú ìjàm̀bá.

Ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù ni HSE. Kò sí àgùnbánirọ̀ tí kò tíì gbọ́ nípa HSE ìpele kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó a máa lépa NEBOSH ti àwọn ará Bìrìtìkó, èyí tó ti wà láti 1979. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò ní Nàìjíríà, ISPON, náà ti ní òfin tó gbé e dúró láti 2014. Kò burú, ẹ̀kọ́ kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ààbò ibi iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìṣàkóso pàjáwìrì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ààbò ibi iṣẹ́ ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọgbà. Ìṣàkóso pàjáwìrì ń bójú tó gbogbo ìlú: bí wọn yóò ṣe dín ewu kù kí ó tó dé, bí wọn yóò ṣe múra sílẹ̀, bí wọn yóò ṣe kojú rẹ̀ nígbà tó bá dé, àti bí ìlú yóò ṣe padà bọ̀ sípò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń wọ akoto àti bàtà onírin kò tíì mọ bí a ṣe ń kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn jáde ní Ajégúnlẹ̀ lóru.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ìwé fẹ́ ṣe lójú iná. Wọ́n ní àwọn panápaná àtijọ́ kò ní ìwé ẹ̀rí òkè òkun, síbẹ̀ wọ́n pa iná. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àti pé ìrírí ni àkísà tí wọ́n ń sọ yẹn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wọ inú ilé tó dà wó ní Ìta Fájì ní 2019, tàbí tó sáré dé Abúlé Adó nígbà tí ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2020, kò fi ìwé kankan gbéra. Ọkàn wọn ni wọ́n fi gbéra.

Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan ti kùnà rí ní ibi tí ohun èlò kò ti wọ́n. Ní 1970, iná igbó jó ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ mẹ́tàlá, ènìyàn mẹ́rìndínlógún kú, ilé bíi 700 sì jóná. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé àwọn panápaná kò ṣe ojo, ọkọ̀ wọn kò sì kéré. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀, ó ní orúkọ tó ń pe irin iṣẹ́ tirẹ̀, rédíò wọn kò sì gbọ́ ara wọn. Inú ìtìjú yẹn ni ìlànà ICS ti jáde, èyí tó fi lélẹ̀ pé ọ̀gá kan ni kí ó máa pàṣẹ lójú ìjàm̀bá, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa sọ èdè kan náà, kí olúkúlùkù sì mọ ẹni tí òun ń jábọ̀ fún. Òun ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú ìwé ẹ̀rí pàjáwìrì lónìí. Ẹni tó bá ti rí bí ọlọ́pàá, panápaná, ológun ojú omi, LASTMA àti àwọn ọmọ àdúgbò ṣe máa ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà níbi ìjàm̀bá kan l'Ékòó yóò mọ̀ pé àrùn tó ṣe California ní 1970 kò jìnnà.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fi hàn rí pé ẹ̀kọ́ lè gba ìlú là. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kúrò ní iléèwòsàn, Adadevoh sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ìgboyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ibùdó ìdarí pàjáwìrì tí wọ́n ti dá sílẹ̀ fún ogun àrùn rọpárọsẹ̀ ní 2012 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n mú àwọn tí wọ́n ti kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀gá kan jẹ gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní ìmọ̀ ìtọpa àrùn ni wọ́n rán lọ sílé àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 894 ni wọ́n tọpa, ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí wọn sì tó bíi 18,500. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún kan náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí Sawyer dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò kọ́, ìtàn náà ìbá yàtọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, ìjà kò sí láàárín ìwé àti ìrírí. Ibi tí ìjà wà ni irú ìwé ẹ̀rí tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn gbà nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì láàárín ọjọ́ méjì, tí ó fi sínú férémù, tí ó kọ́ sára ògiri, tí kò sì ní kú títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, ọ̀ṣọ́ ni. Ohun tó dára jù lọ nínú CEM kì í ṣe lẹ́tà mẹ́ta tí ènìyàn ń fi kún orúkọ. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń kú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹni tó ní i gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, òun sì ṣì ń sin iṣẹ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbà á. Ìwé ẹ̀rí tí kò lè kú kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ikú, nítorí ewu Creek Road lónìí kọ́ ni ewu rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ẹ̀rí wà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Àpápá gan-an. Láti 2004 ni òfin ISPS ti àgbáyé ti dé gbogbo èbúté tó ń gba ọkọ̀ òkè òkun. Òfin náà sọ pé olúkúlùkù ibùdó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá ààbò kan tí wọ́n ti kọ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣe ìdánrawò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tó tóbi lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó sọ pé ìdánrawò yẹn ń fi àkókò ṣòfò, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé bí wọn kò bá ṣe é, ọkọ̀ òkè òkun lè má yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ré kọjá géètì. Ẹrù náà jáde sí Creek Road, òfin náà sì dúró sínú ọgbà. Ohun tí wọ́n ka sí ewu ní ìhín ògiri kò dẹ́kun láti jẹ́ ewu ní ọ̀hún ògiri. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà ni pé ẹrù àwọn oníṣòwò ló wà nínú ọgbà, ọmọ ènìyàn ló wà níta.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni òpin ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, iná sọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Beirut, ní Lẹ́bánónì. Wọ́n pe panápaná, wọ́n sì dé kíákíá. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n rán lọ ni wọ́n kú síbẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé tọ́ọ̀nù 2,750 ammonium nitrate ló wà nínú ilé tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn tó kú ní ìlú náà lé ní 200. Ẹni tí wọ́n kọ́ tí wọn kò sọ òótọ́ fún, ikú rẹ̀ ni wọ́n rán an lọ gbé. Bí ìjọba Èkó àti àwọn aláṣẹ èbúté bá fẹ́ kí àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí wúlò, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú àgbá epo kọ̀ọ̀kan àti nínú kọ̀ǹténà tó ń gba ojú títì kọjá. Nọ́ńbà kan wà tí gbogbo àgbáyé fi dá ẹrù eléwu kọ̀ọ̀kan mọ̀. 1203 ni ti epo bẹntiróòlù. Ó yẹ kí nọ́ńbà yẹn hàn gedegbe lára ọkọ̀, kí ọ̀dọ́ tó dúró ní Boundary sì lè kà á fún ẹni tó gbé fóònù 767.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ìwé ẹ̀rí má jẹ́ ti ọ́fíìsì Alausa nìkan. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìṣàkóso àjálù, èyí tó jáde ní 2010, ti sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ pàjáwìrì tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti Ajeromi-Ifelodun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ní Èkó. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wọn ní alákòóso kan, ó kéré tán, tó gba ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé mọ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí àwọn méjèèjì sì jọ máa ṣe ìdánrawò, nítorí iná kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀.

Èkejì, kí ẹ̀kọ́ náà sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa kọ́kọ́ débẹ̀. Awakọ̀ agbépo, ọmọ ọkọ̀, olórí àwọn oníṣòwò ní ọjà Boundary, àwọn olùkọ́ iléèwé, àlùfáà, pásítọ̀ àti àwọn ọdẹ àdúgbò kò nílò wákàtí 100. Ọjọ́ mẹ́ta tó jinlẹ̀ tó fún ìpele àkọ́kọ́: bí wọ́n ṣe ń pè fún ìrànlọ́wọ́, ibi tí wọn yóò lé ènìyàn sẹ́yìn dé, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan iná epo. Kí wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè tí wọ́n fi ń lá àlá. Ìwé tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè dé etí gbogbo Ajégúnlẹ̀. Ní Yorùbá, ní Ìgbò, ní Ìjọ̀, ní Hausa àti ní èdè pijin ni kí ó wà. Kí ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ yìí náà máa kú lẹ́yìn ọdún méjì, kí ìdánrawò kan sì máa jí i dìde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó ìwé ẹ̀rí òkè òkun, òṣìṣẹ́ panápaná tó ń gba náírà kò sì lè fi owó oṣù rẹ̀ san án kí ọmọ rẹ̀ má pa ebi mọ́nú. Ẹni tó ń jẹ èrè ewu ló yẹ kó san owó ìdènà rẹ̀. Àwọn tó ni ibùdó ìpamọ́ epo, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ agbépo àti àwọn tó ń gba owó lórí kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan lè dá àpò kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, kí wọ́n sì máa kéde lọ́dọọdún orúkọ ipò tí wọ́n ti kọ́ ènìyàn sí àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánrawò. Owó tí iye rẹ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀ kì í pẹ́ di owó àríyá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tán, wọn yóò japa. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi ìwé ẹ̀rí ààbò ṣe àkàbà tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà tàbí Bìrìtìkó. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tó fi àìkọ́ni dá ọmọ rẹ̀ dúró rí. Ohun tó ń dá onímọ̀ dúró ni iṣẹ́ tó lórúkọ, owó oṣù tó tó jẹun, ohun èlò tó lè fi ṣiṣẹ́, àti ọ̀gá tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá sọ pé ibí yìí léwu. Bí Nàìjíríà bá pèsè ìwọ̀nyí, àwọn kan yóò lọ, àwọn kan yóò dúró. Bí kò bá pèsè wọn, àwọn tó mọṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ìwé ẹ̀rí tí ẹnì kan lè gbé sínú àpò ìrìn àjò rẹ̀ àti ìmọ̀ tí gbogbo àdúgbò jọ ní. Ọ̀gá kan lè japa pẹ̀lú CEM rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ bá ti mọ̀ pé a kì í sún mọ́ ọkọ̀ agbépo tó ṣubú, pé a kì í fi omi lé iná epo, àti pé mítà 800 ni kí wọ́n sá jìnnà sí táńkà tó gbaná, kò sí ẹ̀ńbásì tó lè fún ìmọ̀ náà ní físà. Yóò dúró sí àdúgbò, ìyá yóò sì fi kọ́ ọmọ.

Láàárọ̀ ọ̀la, àwọn ọkọ̀ agbépo yóò tún tò sí Creek Road. Obìnrin aláàkàrà yóò tún dáná rẹ̀, nítorí ebi kò gbọ́ àlàyé. Kò sí òfin tó lè lé gbogbo wọn kúrò lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà yẹn ló ń bọ́ Èkó àti ìdajì Nàìjíríà. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹnì kan tó mọṣẹ́ máa ṣọ́ òrùlé tí wọ́n gbé iná lé, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ìjọba ìbílẹ̀, kí ọjọ́ ìdánrawò rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ náà, kí gbogbo ará àdúgbò sì lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn. Bí kò bá rí i dáhùn, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ alága tó gbà á síṣẹ́.